Ẹ Yí Àwo Náà Padà: Orin Kan Tí Ó Wà Lẹ́yìn, àti Ẹni Tí Ó Kọ Ọ́

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣaláìsí ní Àjàṣẹ́, ẹbí pín ẹrù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹnì kan gba aṣọ òkè, ẹnì kan gba àga, ẹlòmíràn gba kẹ̀kẹ́. Páálí kan ṣẹ́ kù ní igun yàrá tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Àwo orin kékeré ni ó kún inú rẹ̀, irú èyí tí orin kan ṣoṣo máa ń wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo gbé e lọ sílé. Kì í ṣe pé mo ní ẹ̀rọ tí ó lè lù wọ́n. Ojú ni ó tì mí láti rí i kí wọ́n dà wọ́n sí ààtàn.

Ó tó ọdún kan kí n tó rí ẹ̀rọ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń nu eruku ara àwo kan, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ojú kìn-ín-ní rẹ̀ ti họ yánnayànna. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti rìn ín títí bí ẹsẹ̀ ti ń rin ọ̀nà odò. Ojú kejì sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde láti ilé ìtajà. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀: láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni bàbá náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jó sí ojú kan àwo yìí, wọn kò sì yí i padà.

Mo ka ohun tí a kọ sí i lára. The Temptations ni orúkọ ẹgbẹ́ akọrin náà. Orin ojú tí ó họ ń jẹ́ “My Baby”. Orin ojú tí ó ń dán ń jẹ́ “Don’t Look Back”, èyí tí í ṣe “Má Wẹ̀yìn” ní èdè wa. Ojú tí ó ń dán ni mo gbé sókè. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé mo jókòó, nítorí mo mọ orin náà. Mo ti ń gbè é láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ṣáájú mi lọ́mú ni ó kọ́ mi ní orin yìí, nínú àgbàlá wa, láti inú kásẹ́ẹ̀tì Peter Tosh, olórin régè ará Jamáíkà. Òun a máa lé, èmi a máa gbè. Ní àkókò yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ẹni tí ó ni orin náà, a ó dáhùn pé Peter Tosh ni. Ta ni ì bá sọ fún wa pé ẹlòmíràn ti kọ ọ́ ṣáájú rẹ̀? Ìdáhùn náà wà nínú ilé ẹbí wa ní gbogbo àkókò yẹn, nínú páálí, ní ojú àwo tí ẹnikẹ́ni kò lù.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí, pàápàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo fẹ́ sọ ìtàn orin kan tí a fi sí ẹ̀yìn, àti ti ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Paul Williams ni orúkọ rẹ̀.

Ilé kan ní Detroit

Ìlú tí a ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Detroit, ní àríwá Amẹ́ríkà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó kúrò ní ìhà gúúsù, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti há wọn mọ́, rọ́ wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti wá iṣẹ́. Wọ́n kó orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn dání. Nígbà tí ohùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí pàdé orin ijó ìgboro, orin tuntun kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ “ọkàn” sọ lórúkọ: soul.

Ní 1959, ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀, Berry Gordy, yá 800 dọ́là lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ó ra ilé kan tí ayàwòrán kan ti ń lò tẹ́lẹ̀ ní òpópónà West Grand Boulevard, ó sì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Láti inú ilé yìí ni iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Motown ti jáde; orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí ìlú ọkọ̀. Gordy kò gbàgbé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ orin, àwọn kan ń lu ohun èlò, àwọn kan ń kọ́ akọrin ní ijó, àwọn kan sì ń jókòó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti pinnu orin tí ó yẹ kí ó jáde. Nǹkan tó dára púpọ̀ ti inú ètò yìí wá. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń yan èyí tí yóò wà níwájú, ọ̀kan ní láti wà lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ Temptations fúnra rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ méjì. Paul Williams àti Eddie Kendricks ti mọ ara wọn láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀ láti wá oríire nínú orin, wọ́n sì dé Detroit pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ the Primes. Àwọn ọmọbìnrin tí a fi ṣe àbúrò ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ the Primettes. Àwọn ni wọ́n di the Supremes tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́yìn náà. Otis Williams, Melvin Franklin àti Elbridge Bryant wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, the Distants. Nígbà tí àwọn méjèèjì tú ká, àwọn márùn-ún yìí para pọ̀, wọ́n sì wọ ilé Gordy ní 1961.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Paul ni ó máa ń lé ọ̀pọ̀ nínú orin wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga bí ti Eddie, kò sì jinlẹ̀ bí ti Melvin. Ohùn àárín ni, ó le díẹ̀, bí ohùn ọkùnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Òun náà ni ó kọ́ àwọn yòókù ní ijó kí Motown tó gba olùkọ́ ijó fún àwọn akọrin rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán wọn àtijọ́, tí ọkùnrin márùn-ún nínú aṣọ kan náà ń gbé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láìṣìṣe, ọwọ́ Paul ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá.

Bí orin ṣe ń di ti ẹ̀yìn

Fún ọdún bíi mẹ́ta, orin wọn kò tà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, David Ruffin gba ipò Elbridge Bryant. Ní ọdún kan náà, orin tí Eddie lé, “The Way You Do the Things You Do”, mú wọn di ẹni tí a mọ̀. Ṣáájú òpin ọdún náà, Smokey Robinson àti Ronald White, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ara ẹgbẹ́ the Miracles, kọ “My Girl” fún ohùn Ruffin. Ní oṣù kẹta 1965, orin náà gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ti rí: ibi tí ẹja ti bọ́ sínú àwọ̀n lánàá ni apẹja yóò tún ju àwọ̀n sí lónìí. Láti ọjọ́ náà, Ruffin àti Eddie ni wọ́n ń fi síwájú. Paul, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ó kọ́ wọn ní ijó, padà sínú ègbè.

Lọ́dún 1965 kan náà ni Robinson àti White tún jókòó, tí wọ́n kọ “Don’t Look Back”, tí wọ́n sì fi lé Paul lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo fẹ́ jáde, “My Baby” tí Ruffin lé, tí ó jọ àbúrò “My Girl”, ni a fi sí ojú kìn-ín-ní. Ti Paul lọ sẹ́yìn. Ojú kìn-ín-ní ni ilé iṣẹ́ máa ń polówó fún àwọn ilé iṣẹ́ ráàdíò. Ojú kejì wà níbẹ̀ nítorí pé àwo kò lè ní ojú kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, àwọn kan yí àwo náà padà. “My Baby” dé ipò 13 nínú ìwé ìròyìn Billboard, níbi tí a ti ń to orin gbogbo orílẹ̀-èdè náà. “Don’t Look Back” wọ inú ìwé kan náà ní ipò 83, ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó kan orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ó dé ipò 15. Fún orin tí a kò rán níṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn tí wọ́n ni orin náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀?

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọkùnrin kan ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ẹni tí ìfẹ́ àtijọ́ ti ṣe léṣe, tí ó sì ń sá fún ìfẹ́ tuntun. Ó sọ fún un pé kò sí ibi tí a lè sá pamọ́ sí fún ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni. Kò ṣèlérí wúrà fún un, kò sì fi ẹwà rẹ̀ ṣe orin. Ohun tí ó bèèrè kò ju pé kí ó na ọwọ́, kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn, kí wàhálà àná sì wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí ilé wa gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó níbi ìnáwó tàbí nínú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé orin wa ní lílé, ó sì ní ègbè. Ẹni tí ń lé lè yí ọ̀rọ̀ padà bí ó ti wù ú, ó lè dárúkọ ènìyàn, ó lè fi owe kún un. Ègbè kì í yẹsẹ̀. Òun ni ilẹ̀ tí lílé dúró lé. Bí ègbè bá dákẹ́, akọrin tí ó mọ orin jù lọ ní ìlú yóò dà bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Nínú “Don’t Look Back”, Paul ni ó ń lé. Òun ni ó ń ṣàlàyé, tí ó ń tu obìnrin náà nínú, tí ó ń fún un ní ìdí. Ṣùgbọ́n àṣẹ pé kí ó máa rìn, kí ó má sì wẹ̀yìn, ẹnu ègbè ni ó wà. Àwọn yòókù ń sọ ọ́, wọ́n sì ń tún un sọ, bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀lé ẹsẹ̀. Bí Paul bá fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìrora obìnrin náà, ègbè ń tì í síwájú. Orin nípa ìrìn ni, ó sì ń rìn ní tòótọ́.

Nísinsìnyí, ẹ ronú nípa àwọn tí ń gbè náà. David Ruffin, gbajúmọ̀ “My Girl”, wà nínú wọn. Eddie Kendricks, ohùn òkè tí àwọn ọmọbìnrin ń torí rẹ̀ pariwo, wà nínú wọn. Ní ojú kìn-ín-ní àwo náà, Paul ń gbè fún Ruffin. Yí i padà, Ruffin ń gbè fún Paul. Kò sí ẹni tí ó fi ohùn bo ohùn ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Mi ò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe hàn kedere tó àwo kékeré yìí.

Mo gbé orin náà lọ sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kan. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nawọ́ sókè.

“Mẹ̀síyé, ó ń sọ fún un pé kó má wẹ̀yìn, àmọ́ ohùn rẹ̀ dà bí ẹni pé òun gan-an ló ń wẹ̀yìn.”

Mo bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀?”

Ó ní, “Ẹni tí nǹkan ò bá dùn rí, kò lè bẹni báyẹn.”

Mo ti ń kọ́ni ní ìtúpalẹ̀ ewì fún ọdún púpọ̀. Èmi kò lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ: ohùn Paul kò ga ju ohun tí ó ń sọ lọ. Kò ké, kò ṣe fọ́nńté. Ó dà bí ẹ̀gbọ́n tí ó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, tí ó mọ ibi tí òkúta wà.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ mìíràn nínú kíláàsì náà fi òwe yìí ta ko orin náà. Mo ní kí wọ́n jọ rò ó wò. Àgbà ń wẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé e ṣubú. Kò wẹ̀yìn kí ó lè padà lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Orin náà kò sọ pé kí obìnrin náà gbàgbé. Ó sọ pé kí ó dìde, kí ó sì má dá rìn.

Ara tí ń jó, ara tí ń ro

Nígbà tí mo ń wá ìtàn Paul Williams kà, mo bá ohun kan pàdé tí ó mú kí n pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ́ Temptations ní ijó, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára rẹ̀ láti ìgbà ìbí rẹ̀. Òun ni àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose. Òun náà ni ó wà lára ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn tí ó bá ní ilé wọn kò nílò àlàyé. Ẹ̀jẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú ọ̀nà nínú iṣan; egungun a máa ro aláìsàn bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Lónìí a ó rò pé ó ti lọ, lọ́la a ó bá a níbi tí ó ti ń gbálẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un péye. Mo máa ń rántí ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ara bá fúyẹ́ fún un, tí yóò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí orin Tosh, tí yóò sì dúró láti mí kí ó tó tún lé e.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa àti àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ ẹrú ni ó gbà débẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a kó lọ láti etíkun ìhín. Àwọn onímọ̀ pín irúgbìn àrùn náà sí oríṣiríṣi, wọ́n sì fi orúkọ Bénin pe ọ̀kan nínú wọn. Èyí gan-an ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò électrophorèse kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìdána. Bí ọkọ àti aya bá ní ìdajì irúgbìn náà lára láìmọ̀, ọmọ wọn lè gba odindi.

Paul Williams ń jó lálẹ́ pẹ̀lú irú ara bẹ́ẹ̀, láti ìlú dé ìlú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kò mu ohun tí ó le ju wàrà lọ. Nígbà tí ó yá, ìrora àti ìbànújẹ́ kó ọtí bá a. Ó dé ìgbà kan tí wọ́n ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ oxygen káàkiri pẹ̀lú wọn nítorí rẹ̀, tí Richard Street sì ń dúró sẹ́yìn aṣọ ìtàgé láti bá a kọ ohùn rẹ̀, nígbà tí Paul ń jó níwájú àwọn èrò. Àwọn orin tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nìkan ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ. Ní 1971, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí àìlera.

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1973, ó gba orin méjì sílẹ̀ fún àwo tí yóò jẹ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan. Fún ìgbà yìí, òun ni yóò ni ojú kìn-ín-ní, òun ni yóò sì ni ojú kejì. Àwo náà kò tíì jáde nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní Detroit ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ ọdún náà. Ẹni ọdún 34 ni. Àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fi àwo náà pamọ́.

N kò fi ìtàn yìí dẹ́rù bà yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọkùnrin tí ó na ọwọ́ sí ẹlòmíràn nínú orin nílò kí ẹnì kan na ọwọ́ sí òun náà. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ lè wà nínú ìbànújẹ́. Bí ara tàbí ọkàn bá wúwo fún yín, ẹ má dá gbé e: ẹ sọ fún òbí, ẹ sọ fún olùkọ́, ẹ sọ fún dókítà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì dákẹ́ jù, ẹ bi í léèrè.

Fòníkú-fọ̀ladìde

Orin náà kò kú sẹ́yìn àwo. Ní ọdún 1960 sí 1969, àwọn ọ̀dọ́ akọrin Jamáíkà ń fi etí sílẹ̀ sí orin soul láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń yí i sí ìlù tiwọn. Peter Tosh, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ the Wailers pẹ̀lú Bob Marley, kọ “Don’t Look Back” ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Studio One ní Kingston. Kò gbàgbé rẹ̀. Ní 1978, ó tún un kọ pẹ̀lú Mick Jagger ti ẹgbẹ́ the Rolling Stones, nínú àwo ńlá rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Bush Doctor. Ìyẹn ni ó rìn káàkiri ayé, tí ó sì dé àgbàlá wa nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Tosh àti Jagger jọ ń kọ ọ́ bí ọ̀rẹ́ méjì tí ń ṣeré lójú ọ̀nà. Ìlù régè fa ìrìn náà gùn, ó sì dà bí ẹni pé kì í ṣe obìnrin kan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́, bí kò ṣe gbogbo àwọn tí ń ti oko ẹrú bọ̀. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìrora kékeré tí ọmọbìnrin inú kíláàsì mi gbọ́, kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Paul nìkan ni a ti lè bá a.

Orin soul kò ṣàì dé ọ̀dọ̀ wa tààrà. Ní Kùtọnu, ẹgbẹ́ Poly-Rythmo, tí a dá sílẹ̀ ní 1968, po ìlù sato àti ìlù sakpata pọ̀ mọ́ ọ. Bàbá tí ó ni páálí yẹn jẹ́ ọ̀dọ́ ìgbà náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ohun tí ayé ń gbọ́, wọ́n sì jó sí ohun tí ayé ń jó sí. N kò dá wọn lẹ́bi. Àwa náà ńkọ́, tí ẹ̀rọ alágbèéká ń yan orin fún lónìí, tí a kì í gbọ́ ju èyí tí a gbé síwájú wa lọ?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Nínú ilé yín, páálí kan wà: ó lè jẹ́ àwo, ó lè jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ orin tí ìyá yín àgbà ń kọ nígbà tí ó bá ń yan gàrí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà sílẹ̀. Kí wọ́n tó dà á sí ààtàn, ẹ jókòó tì í. Ẹ bèèrè ẹni tí ó lé orin, ẹ sì bèèrè àwọn tí ó gbè é. Ní ọdún 1989, wọ́n kọ orúkọ Paul Williams pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn olórin ńlá ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ikú rẹ̀. Kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó yí àwo padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pé ọgbọ̀n ọdún kí ó tó lọ. Kò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lé orin tí òun fẹ́ràn ru irú ẹrù tí òun rù. Ní gbogbo ọjọ́ ìrántí rẹ̀, mo máa ń yá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi, mo sì máa ń gbé àwo náà sí i. Àwọn ọmọ mi ti mọ ègbè rẹ̀. Èmi ni mo ń lé báyìí. Lọ́dún tí ó kọjá, bí mo ti ń dá àwo náà padà sínú páálí rẹ̀, mo gbé e sókè sí iná. Ojú kejì náà ti ń họ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn sí i.